Kí Òjò Àkọ́rọ̀ Tó Dé

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ẹni tó fẹ́ dá ọgbà ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé wí gan-an. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lóṣù kẹta, kíá lọ̀pọ̀ wa ń sáré lọ ra irúgbìn, tí à ń fọ́n ọn síbi tí àyè bá ti ṣófo. Ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, ewé wẹ́wẹ́ á yọrí, inú wa á dùn. Òjò á wá dá, oòrùn á mú, gbogbo rẹ̀ á sì rọ mọ́lẹ̀. A ó ní ilẹ̀ ilé wa ò gbẹ̀fọ́. Ilẹ̀ ò ṣẹ̀ wá o. Ìkánjú la fi bẹ̀rẹ̀. Ọgbà tó máa bọ́ ilé lóṣù karùn-ún, inú ẹ̀ẹ̀rùn la ti ń tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, ẹ jáde sẹ́yìnkùlé láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo ibi tí oòrùn ń pẹ́ sí. Ata, tòmátì àti ilá ń fẹ́ oòrùn tó tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Gbúre àti àmúnútutù lè fara da ibòji díẹ̀. Ẹ jìnnà sí ṣáláńgá àti ibi tí omi ọṣẹ ń ṣàn gbà. Bí àyè bá wà nítòsí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ibẹ̀ ni kí ẹ mú, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ̀fọ́ tó wà lójú ọ̀nà yín lẹ máa rántí bomi rin. Ebè gbọọrọ méjì ti tó fún ọdún àkọ́kọ́. Kí ìbú rẹ̀ má ju mítà kan lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gba sùúrù jù. N'Íbàdàn, l'Ékòó, l'Ábẹ́òkúta, ẹ̀yìn ilé tuntun sábà máa ń kún fún àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, ìṣó àti iyanrìn tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀. Ẹ ṣà á dànù, kí ẹ wá ajílẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ dára, àmọ́ ẹ má gbé e ní tuntun sídìí ẹ̀fọ́, torí ó ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ síbi tí òjò ò ti ní pa á, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ máa rò ó pọ̀, títí ooru àti òórùn rẹ̀ á fi lọ, tí á dúdú, tí á sì máa rún wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tí wọ́n ti da kọnkéré bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ náà ní ọ̀nà: àpò ìrẹsì tí a dá ihò sí nídìí, tí a po ilẹ̀ àti ajílẹ̀ kún, ń gbé ata rodo dáadáa.

Ìgbà ara là ń búra. A kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ti kíkọ ebè ni òjò àkọ́rọ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò tẹ̀léra wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó fọ́n irúgbìn, àyàfi bí kànga bá wà nítòsí. Ata àti tòmátì ni kò ní dúró: inú abọ́ ńlá lábẹ́ ibòji la ti ń kọ́kọ́ gbìn wọ́n. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tí òjò ti fìdí múlẹ̀, ẹ kó wọn lọ sórí ebè, nírọ̀lẹ́, kí oòrùn má baà bá wọn.

Ewédú ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lágara. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ lè fọ́n ìkúnwọ́ kan kó jẹ́ pé ìdí díẹ̀ ló máa hù. Ẹ wo bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe é. Wọ́n á di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́. Wọ́n á sọ omi tó ń hó kalẹ̀ lórí iná, wọ́n á ti aṣọ náà bọ̀ ọ́, wọ́n á kà láti ení dé ẹ̀wá, wọ́n á yọ ọ́ kíá, wọ́n á sì jù ú sínú omi tútù. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó ti jinná nìyẹn. Ẹ sá a níbòji kó gbẹ, kí ẹ wá fọ́n ọn. Ní ti tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ẹ po irúgbìn wọn mọ́ iyanrìn gbígbẹ, kó má baà ṣù síbì kan. Ilé ìwádìí NIHORT, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1975, ń ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá wà nítòsí, kó lọ béèrè níbẹ̀.

Ewúro ò nílò irúgbìn. Ẹ gé igi rẹ̀ tó ti gbó, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ dagun rẹ̀ sínú ilẹ̀. Etí ọgbà ni kí òun àti ẹ̀fìnrìn wà, torí wọ́n á di igbó tó ń ṣíji bo ẹ̀fọ́ kéékèèké. Koríko ọba náà, ẹ ya ìdí kan lára ti aládùúgbò, ó ti tó.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ má fọ́n gbogbo tẹ̀tẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ fọ́n díẹ̀ lónìí, kí ẹ fọ́n díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni tẹ̀tẹ̀ ń tó fà. Bí kòkòrò bá jẹ ti àkọ́kọ́, ìkejì á ti máa bọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ewúrẹ́ àti adìyẹ ò sì dúró de díẹ̀díẹ̀. Ọparun, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí àwọ̀n, ẹ ti so ó yíká kí irúgbìn tó hù. Láàárọ̀, ẹ máa ṣí ẹ̀yìn ewé wò. Eérú tàbí omi ewé dóńgóyárò tí a sẹ́ dáadáa ń ran ni lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fín oògùn tí wọ́n fi ń pa aáyán nínú ilé sórí ẹ̀fọ́ tí ọmọ yín máa jẹ.

Bí òjò bá dá lóṣù kẹjọ, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ata, kí ẹ máa bomi rin ín. Ẹ yan ìdí ewédú àti tẹ̀tẹ̀ tó dára jù, ẹ má já ewé rẹ̀ mọ́, kó lè so. Tó bá gbẹ, ẹ pa á, ẹ fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ dé e pa, kí ẹ kọ ọdún sí i lára.