Kí Ló Wà Nínú Páálí Náà? Bí Àwo Orin Ṣe Di Ọjà Ńlá ní Kòríà

Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2024, Seventeen, ẹgbẹ́ olórin ọkùnrin láti Kòríà Gúúsù, gbé àwo tuntun jáde. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn tó ń kọjá ní Shibuya, àdúgbò ọjà àti fàájì ní ìlú Tokyo, fi rí òkìtì àwo náà lẹ́bàá ọ̀nà, páálí lórí páálí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó bá wù mú un lọ. Àwo tuntun ni o, tí ẹnì kan ti fowó rà.

Ta ni í fowó ara rẹ̀ ra ọjà, tí yóò sì lọ kó o sí títì? Ìbéèrè yìí ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa, torí ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ ti mọ ìdí tí àwo orin fi ń tà wàràwàrà ní Kòríà nígbà tí sídì ti di ohun ìgbàgbé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, díẹ̀díẹ̀ la ó máa tú u.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọjà náà ṣe tó. Circle Chart ni àtẹ tí wọ́n fi ń ṣírò títà orin ní Kòríà. Gaon ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 2022. Lọ́dọọdún, ó máa ń ro iye tí 400 àwo tó tà jù lọ tà pọ̀. Lọ́dún 2019, àròpọ̀ náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 25. Nígbà tó fi máa di 2023, ó ti ju mílíọ̀nù 100 lọ. Gbogbo èrò Kòríà Gúúsù, àgbà àti ọmọ ọwọ́, kò sì ju mílíọ̀nù 52 lọ. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì yìí sọ́kàn, a ó padà sí wọn.

Ìgbà kan wà tí àwo orin ń tà níbẹ̀ bó ṣe ń tà níbi gbogbo: èèyàn fẹ́ gbọ́ orin, ó lọ ra kásẹ́ẹ̀tì tàbí sídì. Àwo tí olórin Kim Gun-mo ṣe lọ́dún 1995 tà ju mílíọ̀nù méjì lọ. Lẹ́yìn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì dé, ó sì dé Kòríà kíákíá ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ. Lọ́dún 2000, Soribada bẹ̀rẹ̀, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gba orin lọ́wọ́ ara wọn láì san kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ g.o.d tà ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún 2001, ó sì tó ọdún 12 kí àwo kankan tó tún tà tó bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀ àwọn tó ń ta àwo ń kógbá sílé. Lọ́dún 2004, SK Telecom, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ṣí MelOn, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó láti gbọ́ orin lórí fóònù. Orin ti kúrò nínú àwo.

Ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn yẹn kọjá lórí yín, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Bí orin bá ti kúrò nínú àwo, ẹni tó ń ta àwo ní ohun méjì tó lè ṣe: kó pa ìsọ̀ rẹ̀ dé, tàbí kó wá nǹkan mìíràn sínú páálí. Èkejì ni àwọn ilé-iṣẹ́ Kòríà mú. Lọ́dún 2010, ilé-iṣẹ́ orin SM fi káàdì fọ́tò sínú àwo "Oh!" tí ẹgbẹ́ Girls' Generation ṣe. Káàdì pélébé ni, kò ju káàdì tí a fi ń gbowó ní báńkì lọ, fọ́tò ọ̀kan lára àwọn akọrin sì wà lójú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù rí i, wọ́n tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi di 2013, àwo XOXO tí ẹgbẹ́ EXO ṣe ti kọjá mílíọ̀nù kan.

Bí ẹ bá ṣí irú àwo bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ óò rí páálí tó le dáadáa, tó tóbi bí ìwé. Ìwé fọ́tò wà nínú rẹ̀, ojú ewé rẹ̀ pọ̀, bébà rẹ̀ sì dán. Ìwé ọ̀rọ̀ orin wà níbẹ̀, káàdì ìkíni wà níbẹ̀, àti àwòrán tí a lè lẹ̀ mọ́ ara ìwé tàbí fóònù. Sídì náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nínú àpò kékeré lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀: àwọn tó ń ya fọ́tò náà, àwọn tó ń to ìwé náà, àwọn tó ń yan àwọ̀ rẹ̀, ọ̀mọ̀ṣẹ́ ni wọ́n. Ẹni tó ra ẹyọ kan, tó tọ́jú rẹ̀ sórí pẹpẹ, ra ohun tó lẹ́wà.

Ṣùgbọ́n káàdì fọ́tò yẹn ni kí ẹ máa wò. Ẹni tó ń rà á kò mọ fọ́tò ẹni tí yóò bá nínú páálí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀.

Ká ní ẹgbẹ́ kan ní akọrin 7, bíi BTS, káàdì ẹyọ kan ló sì wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan fẹ́ràn ẹnì kan nínú àwọn méje náà. Ó ra àwo kan: àǹfààní rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú méje. Ó wá ra méje. Ó yẹ kó rí i báyìí, àbí? Rárá o. Páálí kan kò mọ ohun tó wà nínú páálí kejì. Bí ọmọbìnrin mẹ́ta bá ra méje-méje, ẹ retí pé ọ̀kan nínú wọn yóò padà sílé láì rí ẹni tó ń wá.

Bó bá wá jẹ́ pé gbogbo méjèèje ló fẹ́ kó jọ ńkọ́? Àwo àkọ́kọ́ kò lè tàsé, torí kò tíì ní nǹkan kan. Láti ìkejì lọ, bí káàdì ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni tuntun ń ṣòroó rí sí i. Nígbà tó bá ku ẹyọ kan, ẹyọ yẹn nìkan lè gbà tó àwo méje kó tó jáde. Bí a bá ro ó pọ̀, nǹkan bí àwo 18 ni yóò rà kí méjèèje tó pé. Ní ti ẹgbẹ́ tó ní akọrin 13, bíi Seventeen, nǹkan bí 41 ni. Orin kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Bí ìṣirò yìí bá ń ṣe yín ní kàyéfì, ẹ ya bébà sí méje, ẹ kọ orúkọ sí i, ẹ ká a, ẹ dà á sínú fìlà, kí ẹ máa mú ẹyọ kan, kí ẹ máa dá a padà. Ẹ kà á títí gbogbo orúkọ yóò fi jáde. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin wọ̀nyí kò gọ̀ o. Wọ́n ń pààrọ̀ káàdì láàárín ara wọn, wọ́n sì ń tà á fún ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ náà tún ń gbé àwo kan náà jáde pẹ̀lú oríṣiríṣi èèpo, mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí èèpo kọ̀ọ̀kan sì ní fọ́tò tirẹ̀. Ìsọ̀ kan lè ní káàdì tí ìsọ̀ kejì kò ní.

Nǹkan kejì tó ń mú kí èèyàn ra ọ̀pọ̀ ni ìpàdé ìfọwọ́síwèé. Ìwọ̀nba olólùfẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n jókòó níwájú akọrin, kí akọrin fọwọ́ sí àwo wọn, kí wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ìbò ni wọ́n fi ń yan wọ́n. Bí o bá ra àwo kan, orúkọ rẹ wọ inú ìbò lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ra àádọ́ta, ó wọ̀ ọ́ nígbà àádọ́ta. Nígbà tí àrùn kòrónà dé lọ́dún 2020, tí kò sí eré lórí pèpéle mọ́, wọ́n gbé ìpàdé náà lọ sórí fídíò fóònù. Ẹni tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè náà lè wọ inú ìbò báyìí. Ọdún yẹn kan náà ni Map of the Soul: 7 tí BTS ṣe tà ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ.

Ìdí kẹta ni mo rò pé ó jinlẹ̀ jù. Ẹ rántí aṣọ ẹbí. Kò sí ẹni tó ń bi ẹ́ pé ṣé o kò láṣọ nílé ni. O rà á torí o fẹ́ kí wọ́n kà ẹ́ mọ́ àwọn tó dúró ti ọlọ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwo rí lójú àwọn olólùfẹ́ Kòríà. Chodong ni wọ́n ń pe títà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àtẹ Hanteo ló sì ń kà á láti inú àwọn ìsọ̀. Lóṣù Kẹrin ọdún 2023, FML tí Seventeen ṣe tà ju mílíọ̀nù 4.5 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Lóṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ Stray Kids kọjá mílíọ̀nù 4.6 pẹ̀lú 5-Star. Àwọn tó rà á mọ nọ́ńbà náà lórí bí ọmọ ilé-ìwé ṣe mọ èsì ìdánwò rẹ̀, torí ọwọ́ wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Títà àwo tún wà lára ohun tí ètò orin orí tẹlifíṣọ̀n, bíi Music Bank, fi ń yan ẹni tó gbégbá orókè.

Ìdíje àtẹ yìí tún dé Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2018, BTS di ẹgbẹ́ Kòríà àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní lórí Billboard 200, àtẹ àwo orin ní Amẹ́ríkà. Lórí àtẹ yẹn, láti àárín ọdún náà lọ fún ọdún mélòó kan, kí orin tí àwọn tó ń san owó oṣù gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ bí àwo kan, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ nígbà 1,250. Páálí ẹyọ kan, ẹnì kan, ní ìṣẹ́jú kan ní ìsọ̀, ó ti ṣe iṣẹ́ kan náà. Kò yani lẹ́nu pé Jàpáánù, Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ń ra àwo Kòríà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí nọ́ńbà méjì yẹn wàyí. Mílíọ̀nù 100 àwo kì í ṣe mílíọ̀nù 100 èèyàn. Ohun mìíràn tún wà: àwo tó kúrò ní ilé ìkẹ́rù lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò ni Circle ń kà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ èyí tí wọ́n dá padà. Hanteo ní tirẹ̀ ń ka èyí tí ìsọ̀ tà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé àwo kan tà tó báyìí, ẹ béèrè pé ta ló kà á, kí ló kà, àti pé èèyàn mélòó ló rà á. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ kì í dáhùn.

Lọ́dún 2023, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Kòríà fọ̀rọ̀ wá 500 olólùfẹ́ lẹ́nu wò. Ìdá 5.7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé sídì ni àwọn fi ń gbọ́ orin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rà á láti kó o jọ ni. Ike ni sídì, ike sì ni àpò rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká níbẹ̀, tọ́ọ̀nù 55.8 ni ike tí wọ́n lò fún àwo lọ́dún 2017. Lọ́dún 2022 ó di tọ́ọ̀nù 801.5. Ó dùn mí láti kọ ọ́, torí àwọn ọmọdé ló ń gbé ẹrù yìí, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn ló dá ẹgbẹ́ Kpop4Planet sílẹ̀ lọ́dún 2021, tí wọ́n ń bẹ àwọn ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n dẹwọ́. Lóṣù Kẹrin ọdún 2024, Min Hee-jin, tó ń darí ilé-iṣẹ́ ADOR nígbà náà, sọ níwájú àwọn oníròyìn pé káàdì àìmọ̀ yìí ń ni àwọn olólùfẹ́ lára. Ọdún yẹn náà ni iye àwo tó tà lórí Circle já sísàlẹ̀ mílíọ̀nù 100.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ti gbìyànjú láti yọ sídì náà kúrò pátápátá. Lóṣù Keje ọdún 2022, J-Hope, ọ̀kan lára BTS, gbé Jack in the Box jáde. Páálí rẹ̀ kéré, káàdì fọ́tò wà nínú rẹ̀, àmì kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi fóònù yà kí wọ́n lè gbọ́ orin náà. Kò sí sídì. Lórí Billboard 200, ipò 17 ni ó dé. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, wọ́n tún gbé e jáde: àwọn orin ọjọ́ yẹn náà ni, pẹ̀lú àfikún díẹ̀, ṣùgbọ́n sídì àti ìwé fọ́tò wà nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó padà sórí àtẹ náà, ó sì dé ipò kẹfà.