Kí Ẹ Tó Dá Káàdì Olórí Méjì Lẹ́bi

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkòtún yìí, láti ráńdábáòtù títí dé ọ̀nà Ìjẹ̀gun àti apá Ìgandò, mo rí i pé irú oníbàárà tó ń wọlé tọ̀ yín ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí Windows rẹ̀ kò dìde tàbí tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kú ló ń wá. Ní báyìí, ẹni tó ń gé fíìmù, ẹni tó ń yàwòrán ilé, ọmọ tó ń gbá géèmù àti ọ̀dọ́ tó ń kọ́ AI ti wà lára wọn. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò kò sì rọrùn: "Bọ̀ọ̀sì, mo ra káàdì tuntun, GPU méjì ló wà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n máàkì tó gbà nínú ìdánwò kò ju ti káàdì mi àtijọ́ lọ."

Tuntun lọ́wọ́ ẹni tó rà á ni o. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, láti Ọ̀tígbà ní Computer Village Ìkẹjà tàbí láti Alábà.

Ohun tí mo rí tí àwọn kan nínú yín ń ṣe sí irú ẹjọ́ yìí kò dùn mọ́ mi. Wọ́n á yọ káàdì, wọ́n á nu ẹnu rẹ̀, wọ́n á dá a padà, wọ́n á fi Windows tuntun sí i. Bí máàkì kò bá yí padà, wọ́n á ní káàdì ti bàjẹ́. Owó ẹni ẹlẹ́ni la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Máàkì tó kéré kì í ṣe ìdájọ́ lórí káàdì. Ẹ̀rí ni, ó sì ń jẹ́rìí lórí gbogbo ohun tó wà nínú àpótí ẹ̀rọ náà, lórí iná tó ń wọ̀ ọ́, lórí yàrá tó wà, àti lórí ìdánwò fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti mọ èyí tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Irú káàdì olórí méjì yìí ti pẹ́: 3dfx ṣe Voodoo5 5500 ní ọdún 2000, NVIDIA gbé GTX 295 jáde ní 2009 àti GTX 690 ní 2012, AMD sì gbé HD 5970 jáde ní 2009, HD 7990 ní 2013, R9 295X2 ní 2014. Ohun tó máa ń da oníbàárà láàmú jù lára wọn ni memory. 4GB ni wọ́n kọ sára páálí GTX 690, ṣùgbọ́n 2GB ni GPU kọ̀ọ̀kan ní. 8GB ti 295X2, 4GB lọ́nà méjì ni. Nínú géèmù, ẹrù kan náà ni wọ́n ń kó sínú memory méjèèjì, nítorí náà kò sí pé à ń ro wọ́n pọ̀. Bí géèmù bá fẹ́ 3GB, GTX 690 á bẹ̀rẹ̀ sí í yá àyè lára RAM kọ̀ǹpútà, eré rẹ̀ á sì wọ́lẹ̀. Kò sí sukurudiráfà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ dín texture nìkan kù nínú ètò géèmù náà, kí ẹ tún un dán wò. Bí máàkì bá fò sókè, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà láì tíì tú ìdè kankan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè bóyá GPU kejì tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ níbí, nítorí níbí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń parí. Ẹ ṣí GPU-Z, ẹ wo GPU kọ̀ọ̀kan nígbà tí ìdánwò ń lọ. Bí ọ̀kan bá wà ní 98 nínú ọgọ́rùn-ún tí èkejì sì jókòó sórí òdo, káàdì kò ṣàìsàn, ẹnìkan ni kò pè é sí iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé wọn kò tan SLI tàbí CrossFire nínú ètò driver. Ó lè jẹ́ pé inú fèrèsé kékeré ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà. Ọ̀pọ̀ driver àtijọ́ kì í lo GPU méjì àfi kí àwòrán gba gbogbo ojú ẹ̀rọ. Ó sì lè jẹ́ pé géèmù náà kò mọ káàdì olórí méjì rárá. NVIDIA fúnra rẹ̀ kéde pé láti January 1, 2021, òun kò ní ṣe ètò SLI tuntun mọ́ fún àwọn káàdì RTX 20 àtàwọn tó ti wà ṣáájú wọn. Nínú DirectX 12 àti Vulkan, ẹni tó kọ géèmù ló gbọ́dọ̀ kọ bí GPU méjì ṣe máa pín iṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn kò sì kọ ọ́. Bí oníbàárà bá wá fi géèmù ọdún yìí dán káàdì 2012 wò, GPU kan ló dán wò, kò dán méjì wò.

Bákan náà ni fún ẹni tó ń gé fíìmù. DaVinci Resolve tí kò gba owó kì í lo GPU méjì lórí Windows. Studio tí wọ́n ń tà ló ń lò ó. Ẹ sọ fún un kó tó lọ ra káàdì.

Bí GPU méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń sinmi lóòrèkóòrè, tí kò sí èyí tó ju 50 tàbí 60 lọ, ẹ yí ojú sí CPU. Bí bíríkìlà méjì bá wà lórí ògiri tí lébírà kan ṣoṣo ń po sìmẹ́ǹtì fún wọn, bí ọwọ́ lébírà bá ṣe yá tó ni ògiri máa ṣe ga. CPU ni lébírà náà. Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ rọrùn: ẹ dín ojú àwòrán kù láti 1080 sí 720, kí ẹ tún ìdánwò ṣe. Bí iye àwòrán nínú ìṣẹ́jú àáyá kan kò bá kúrò níbi tó wà, CPU ló ń fà á sẹ́yìn. Nínú 3DMark, ẹ má ka àpapọ̀ máàkì nìkan. Ẹ wo Graphics Score lọ́tọ̀, kí ẹ wo Physics Score lọ́tọ̀. Mo ti rí àwọn tó fẹ́ dá káàdì padà nígbà tó jẹ́ pé Physics ló fa àpapọ̀ wálẹ̀. Bí iye àwòrán bá sì dúró gangan sórí 60, ẹ pa V-Sync.

Ó kù sí ojú ọ̀nà tí káàdì ń gbà bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. GPU-Z á sọ bóyá x16 ni tàbí x4. Lórí bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, ihò gígùn kejì lè má ju x4 lọ. Ẹ ṣọ́ra o: bí káàdì bá jókòó lásán, ó máa ń sọ ojú ọ̀nà náà di 1.1 láti fi iná pamọ́. Ẹ tẹ àmì ìbéèrè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó kà á.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí iná, nítorí Ìkòtún la wà. Ihò bọ́ọ̀dù ń fún káàdì ní 75W, okùn ẹlẹ́nu mẹ́fà 75W, ẹlẹ́nu mẹ́jọ 150W. GTX 690 ń jẹ 300W, okùn ẹlẹ́nu mẹ́jọ méjì ló ní, ó tó o. R9 295X2 ń jẹ 500W lórí okùn ẹlẹ́nu mẹ́jọ méjì péré, nítorí náà AMD kọ ọ́ sílẹ̀ pé okùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè gbé 28A fúnra rẹ̀. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ power pack tí oníbàárà rà. Ẹ má ka nọ́ńbà ńlá tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ. Ẹ ka ìlà 12V, kí ẹ fi 12 ṣe ìsọdipúpọ̀ iye amp rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 750W sí tí ìlà 12V rẹ̀ jẹ́ 30A, 360W ló lè gbé fún káàdì àti CPU pa pọ̀. Ẹ má fi okùn díìsìkì so ẹnu mẹ́jọ, ẹ má sì fi okùn kan tó ya méjì lẹ́nu fún ẹnu méjèèjì. Okùn tó ń gbóná lọ́wọ́ yín ń kìlọ̀ fún yín ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé iná tó rẹ̀lẹ̀ ló sọ káàdì di ọ̀lẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Power pack tó dára á mú 12V dúró, bí kò bá sì lè mú un dúró, ẹ̀rọ á kú tàbí kó tún ara rẹ̀ tàn. Ohun tí iná ń ṣe sí máàkì wa ní àdúgbò yìí ń gba ẹ̀yìn wọlé: bí wọ́n bá mú iná lọ, ínfátà á máa gbé kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n AC á ti kú, fáànù òrùlé á ti kú, yàrá á gbóná, káàdì á sì dín eré rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Káàdì kan náà, lójú kan náà, á gba máàkì méjì. AMD fi ààlà 295X2 sí 75°C. Nínú yàrá tó ti wà ní 33°C kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, àyè tó kù kò pọ̀. Ti GTX 690 tún yàtọ̀: fáànù àárín rẹ̀ ń fẹ́ apá kan ooru síta, ó ń fẹ́ apá kejì padà sínú àpótí. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ẹ kọjú fáànù tábìlì sí i, kí ẹ tún ìdánwò náà ṣe. Bí máàkì bá gòkè, afẹ́fẹ́ ni kò tó. Ìgbà yẹn gan-an ló tọ́ kí ẹ fọ eruku, kí ẹ pààrọ̀ páàsìtì tó ti gbẹ. Káàdì tí wọ́n fi wa bitcoin tàbí Ethereum lókè òkun máa ń nílò rẹ̀ gidigidi. Lára káàdì NVIDIA, ẹ wo PerfCap Reason nínú GPU-Z. Á sọ fún yín bóyá ooru ni tàbí agbára iná.

Àwọn tó ń kọ́ AI ní ẹjọ́ tiwọn, Tesla K80 ló sì sábà máa ń jẹ́. NVIDIA gbé e jáde ní November 2014, GPU méjì, 24GB, èyí tó jẹ́ 12GB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti bá ìdajì rẹ̀ pàdé lórí Google Colab, wọ́n wá rí odindi rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Káàdì inú server ni. Kò ní fáànù rárá, afẹ́fẹ́ server ló ń tù ú, nítorí náà nínú àpótí ilé, ó lè gbóná dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Okùn tí CPU ń lò ló ń gbà. Ẹni tó bá fi agídí ti okùn káàdì géèmù bọ̀ ọ́ lè jó o. Ẹ tan Above 4G Decoding nínú BIOS, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà lè má rí i. Bí ẹ bá tẹ nvidia-smi, GPU méjì ni ẹ ó rí, ètò tí wọn kò bá sì kọ fún méjì á lo ọ̀kan ṣoṣo. CUDA 11 ni ó gbà á kẹ́yìn. CUDA 12 kò gbà á mọ́. Mi ò ní gba ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti rà á.

Nígbà mìíràn, máàkì á ga, ojú oníbàárà kò ní gbà á. Ẹ má bú u. GPU méjì máa ń ya àwòrán ní ìtẹ̀léra, bí wọ́n bá sì ń dé láìdọ́gba, ojú á rí i pé eré ń ta kọ́ṣẹ́ kọ́ṣẹ́. Ní 2011, Scott Wasson ti The Tech Report ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gbà, dípò iye àwòrán nìkan. HD 7990 jáde ní April 2013 pẹ̀lú àìsàn yìí. Ní August ọdún náà, AMD gbé driver jáde tó mú kí àwòrán rẹ̀ máa dé ní dídọ́gba. Wọn kò pààrọ̀ irin kankan. Nítorí náà, ẹ fi DDU nu driver àtijọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ fi èyí tó bá ọjọ́ orí káàdì mu sí i.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pààrọ̀ driver, páàsìtì àti okùn lọ́jọ́ kan náà, bí máàkì bá gòkè, kò mọ ohun tó wò ó sàn, kò sì ní lè wo ti ẹlòmíràn. Ẹ ṣe ìdánwò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì fi wé máàkì ẹ̀rọ tó ní irú CPU kan náà. Ọmọ tó ní i9 ní London kì í ṣe òṣùwọ̀n fún ẹni tó ní i5 àtijọ́ ní Ìdímù.

Bí ẹ bá ti mọ òtítọ́, ẹ sọ ọ́, kódà bó bá máa dín owó tiyín kù. Ẹ bá oníbàárà ṣírò owó iná pẹ̀lú. Ní April 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé owó iná Band A sí 225 naira fún yúnìtì kan. Ní iye yẹn, 295X2 tó ṣiṣẹ́ kíkún fún wákàtí mẹ́fà jẹ yúnìtì mẹ́ta, 675 naira, káàdì nìkan. GTX 1070 ti 2016 ń jẹ 150W, 8GB rẹ̀ sì pé fún GPU kan ṣoṣo. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ yín, kí wọ́n ta olórí méjì náà kí wọ́n ra olórí kan ni ìmọ̀ràn tó tọ́.

Ẹ ra ìwé, ẹ gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ yín. Ẹ kọ orúkọ káàdì, driver, CPU, power pack, bóyá iná ìjọba ni tàbí ínfátà, bóyá AC wà, àti máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kọ ti kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ àti ti ẹ̀yìn iṣẹ́, ẹ fún oníbàárà ní ẹ̀dà kan kó tó sanwó.