Bí A Ṣe Lè Dá Ewéko Bracken Mọ̀ Lórí Ilẹ̀ Òkè Jos

Ní èdè Hausa, Dogon Dutse túmọ̀ sí òkúta gíga. Lórí irú ilẹ̀ òkè tí ó yí ìlú Jos ká báyìí, níbi tí oòrùn ń ràn tí omi kì í dúró sí, ni ewéko bracken fẹ́ràn láti máa hù. Ìbátan ọmu tí a ń rí lára ọ̀pẹ ni. Ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n dáadáa lè já ọ̀mùnú rẹ̀ sè bí ẹ̀fọ́.

Ọmu a máa yọ ní ìdì, ewé rẹ̀ a sì tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá kan ṣoṣo bí eyín òòyà. Ti bracken yàtọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pá rẹ̀ ń yọ láti inú ilẹ̀, ó le, ó ń pẹ̀ka, ẹ̀ka náà tún ń pẹ̀ka, gbogbo ewé náà a wá fẹ̀ nísàlẹ̀, a sì ṣóńṣó lókè. Ọ̀mùnú rẹ̀ ká kò bí ìkarahun ìgbín. Kì í tanná rárá. Ẹ yí ewé tí ó ti gbó padà: etí rẹ̀ ká bo eruku tí ó fi ń bí sí i, nígbà tí ti ọmu jẹ́ àmì róbótó róbótó.

Oko tí a pa tì àti ẹ̀gbẹ́ òkè tí iná jó ni ẹ ó ti rí i. Iná kì í pa á, nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ ni ìdí rẹ̀ ń rìn sí. Èyí tí ó bá wà nínú àbàtà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹlòmíràn.

Ní 1983 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yọ oró ptaquiloside jáde láti inú bracken. Oró yìí ń fa jẹjẹrẹ fún ẹranko. Ní ti ènìyàn, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, fi ewéko náà sí ìsọ̀rí 2B, èyíinì ni ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa àrùn náà. Lóòótọ́, àwọn ará Japan a máa fi omi eérú rẹ ọ̀mùnú rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Èyí ń dín oró náà kù ni, kò pa á run. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti dán an wò.

Ẹni tí kò já ẹ̀fọ́ rí pàápàá kò bọ́. Màlúù tí ó bá ń jẹ bracken fún ìgbà pípẹ́ lè máa tọ ẹ̀jẹ̀, oró náà a sì máa bá wàrà rẹ̀ jáde. Gbígbé wàrà kaná kì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi wàrà irú màlúù bẹ́ẹ̀ ṣe nono. Ẹ pe dókítà ẹranko. Láti 1924 ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Vom, tí kò jìnnà sí Jos. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ̀yin darandaran ṣọ́ra jù lọ, nígbà tí koríko kò tíì pọ̀ lórí ilẹ̀ tí iná jó, tí ọ̀mùnú bracken sì ti ń yọ.