Bí A Ṣe Ń Náwó fún Oníṣẹ́ Tiwa ní Ìkẹjà àti Agége

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí búrẹ́dì, torí òun là ń rà lójoojúmọ́. Ẹ wá béékìrì tó wà ládùúgbò yín ní Agége, kí ẹ máa rà níbẹ̀. Ẹ wo ara ọ̀rá búrẹ́dì náà bóyá nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń ṣàmójútó oúnjẹ, wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá wọ́n ń lo kẹ́míkà bromate tí ìjọba ti fòfin dè nínú búrẹ́dì. Òwò búrẹ́dì nítàn: Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó bá iṣẹ́ rélùwéè wá sí Nàìjíríà ní 1913, ló sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó. Ó tún wà nínú ẹgbẹ́ Marcus Garvey, aṣáájú tó ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sórí bàtà, ibi tó ti nira. Kí ẹ tó mú owó jáde, ẹ ní kí oníbàtà fi èyí tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ hàn yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ yẹ etí rẹ̀ wò bóyá ó rán an tàbí gọ́ọ̀mù nìkan ló dì í mú. Ẹ lè ná an, àmọ́ ẹ ní kó ka owó awọ, owó gọ́ọ̀mù àti owó epo jẹnẹrétọ̀ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ìnáàjà jẹ owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tán. Ẹ san owó ohun èlò sílẹ̀, kí ẹ kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀, àwọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ máa gbà á sórí WhatsApp. Lọ́jọ́ náà, ẹ san ìyókù lójú ẹsẹ̀. Àwìn ti ti ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ pa.

Bí iṣẹ́ kò bá dáa ńkọ́? Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi ibi tó kù díẹ̀ káàtó hàn án, kí ẹ jẹ́ kó tún un ṣe. Bó bá kọ̀, ẹ lọ bá oníbàtà mìíràn ládùúgbò kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ lójú ọmọ yín pé bí iṣẹ́ èèyàn dúdú ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ kò ní gbà pé ọwọ́ òun lè ṣe ohun tó dáa. Ọwọ́ wa ṣì ń ṣe nǹkan níbí: ilé-iṣẹ́ Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè kógbá sílé, ṣùgbọ́n àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti orúkọ. Ọ̀pọ̀ oníbàtà ní ìlú Aba ló ti lẹ orúkọ Ítálì mọ́ iṣẹ́ ara wọn kí wọ́n lè tà. Ẹ sọ fún oníbàtà yín pé orúkọ tirẹ̀ lẹ fẹ́ lára bàtà yín. Bí wọ́n bá bi yín níbi tí ẹ ti rà á, ẹ dárúkọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀. Bí ọjà bá ti ń yá, ẹ bá a fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kó lè ṣí àkáǹtì báńkì ní orúkọ iṣẹ́ rẹ̀.