Bí Ẹ Bá Jókòó Níwájú Ọ̀kẹ́sítírà

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀tan tí ẹ wà l'Ékòó, bí ẹgbẹ́ olórin ńlá bá ti òkè òkun wá, tí ẹ sì rí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má sọ pé orin òyìnbó ni. Ẹ lọ. Ẹ tètè débẹ̀, nítorí bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ìta ni wọn yóò dá ẹni tó pẹ́ dúró sí. Ẹ pa fóònù. Ó máa ń dùn mí bí ọmọ bá fi gbogbo alẹ́ na fóònù sókè tó ń ya fídíò.

Ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ariwo kan. Fèrè tó ń jẹ́ oboe ló ń fún gbogbo wọn ní ohùn kan ṣoṣo, kí wọ́n lè tún okùn àti ipè wọn ṣe. Lẹ́yìn náà ni adarí ọ̀kẹ́sítírà yóò wọlé, ẹ óò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Bí orin bá dákẹ́ láàárín, ẹ má pàtẹ́wọ́. Apá mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ síḿfónì, ìyẹn orin gígùn tí ọ̀kẹ́sítírà ń kọ, ní, ìdákẹ́ sì máa ń wà láàárín wọn. Ẹ máa wo ọwọ́ adarí. Ìgbà tó bá sọ ọ́ kalẹ̀, tó yíjú sí yín, ni orin tó parí.

Ẹni tó ti wo eégún Ẹléwe jó nílẹ̀ Ìgbómìnà ti mọ bí a ṣe ń gbọ́ orin yìí. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, omele ń gbè é, ẹsẹ̀ eégún ń dá a lóhùn, etí tó là sì ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ẹ tẹ̀lé àwọn fayólìnì díẹ̀, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kí ẹ wá ohùn tó ń dún lábẹ́ wọn.

Bó bá jẹ́ Síḿfónì Karùn-ún tí Beethoven kọ́kọ́ gbé jáde ní Vienna lọ́dún 1808 ni, ẹ wo àwọn tó di ipè tó ń jẹ́ trombone mú. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú tí wọn yóò fi jókòó láìfun nǹkan kan. Apá kẹta kò ní dá dúró kí ó tó wọ ìkẹrin: orin á rọlẹ̀, ìlù kan á máa dún jẹ́jẹ́ lábẹ́lẹ̀, lójijì ni gbogbo wọn á bú jáde pọ̀, trombone á sì wà láàárín wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ibẹ̀ yẹn fò yín ru.

Ìtìjú tí mo ń rí lójú àwọn ọmọ wa níbi orin yìí kò tọ́. Yorùbá ni Fẹlá Ṣówándé tí wọ́n bí ní 1905, tí T. K. E. Phillips kọ́ lórin ní Kàtídírà tó wà ní Mẹ́rínà. Ní 1944, ó kọ African Suite, apá márùn-ún, fún ohun èlò olókùn àti dùùrù Dáfídì. Orin Ephraim Amu ará Gánà wà nínú rẹ̀, híláìfù sì wà nínú apá tó pè ní Akinla. Ó tún kọ Folk Symphony fún òmìnira wa ní 1960. Ní London, Chi-chi Nwanoku tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Igbo dá ọ̀kẹ́sítírà Chineke! sílẹ̀ ní 2015, àwọn aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ nínú rẹ̀. L'Ékòó níbí, ẹgbẹ́ orin MUSON tí Akíntọ́lá Williams àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1983 ní ilé ẹ̀kọ́ orin ní Oníkan.

Ọmọ tó ń tẹ kíbọọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì nílé lónìí, ẹ mú un dání. Ẹ sanwó ọkọ̀ rẹ̀ láti Ọ̀tan. Kí ó jókòó síbi tí yóò ti máa rí ọwọ́ àwọn olórin.