Ìdí Òpó Ni Ká Wò: Ìmọ̀ràn Lórí Irin Ọgbà Ajá ní Cedar Hill

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀fọ́ rẹ̀ là kò ní máa tú ewé òkè wò. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò wo ìdí. Ọ̀rọ̀ náà bá irin inú ọgbà ajá mu ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ onílé kan ní Cedar Hill, ìlú orí òkè tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Dallas, bá jókòó láti yan òpó ọgbà, ilẹ̀kùn onírin, àga ìjókòó, òrùka tí ajá ń fò kọjá nínú rẹ̀ àti àkàsọ̀ tó ń gùn, ìwé àwọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí: ṣé pupa ni àbí búlúù, ṣé èyí tó ń dán ni àbí èyí tí kò dán? Àwọ̀ kọ́ ló ń pa irin wọ̀nyí. Ibi tí òpó ti wọlẹ̀, láti ìwọ̀n ìbàdí ajá sí ìsàlẹ̀, ni ikú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá ní ohùn nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni pé ìdí òpó ni kí wọ́n rò tí wọ́n bá ń yan ohun tí wọn yóò fi bo irin. Kí síǹkì tó nípọn wà lábẹ́, kí ọ̀dà tó lè fara da oòrùn wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì san owó méjèèjì pa pọ̀ kí òpó tó wọlẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, láti Japan ló ti wá. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òpó iná tó ń darí ọkọ̀ wó lulẹ̀ ní ìlú Suzuka, ní agbègbè Mie. Òpó tí wọ́n retí pé yóò lo nǹkan bí 50 ọdún, ọdún 23 péré ló lò. Nígbà tí ilé àyẹ̀wò àwọn ọlọ́pàá yẹ ìdí rẹ̀ wò, wọ́n bá yúríà, ohun tó máa ń wà nínú ìtọ̀, níbẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 40 iye tó wà lára òpó mìíràn nítòsí. Àwọn ajá tí wọ́n ń mú gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ló jẹ̀bi. Òpó kan ṣoṣo lẹ́bàá títì nìyẹn o, tí ajá tó ń kọjá lọ ń tọ̀ sí. Nínú ọgbà ajá, gbogbo ajá àdúgbò ló ń pàdé, ìwà wọn sì ni pé ibi tí ọ̀kan bá tọ̀ sí ni èkejì yóò tọ̀ sí. Ìtọ̀ kì í ṣe omi lásán. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, iyọ̀ sì máa ń mú kí irin tètè dógùn-ún. Bí kòkòrò àìfojúrí bá ti bá yúríà rẹ̀ jà, amóníà ló ń dà. Bí omi rẹ̀ bá gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù sára irin. Bí ìrì bá sẹ̀ tàbí tí ajá mìíràn bá dé, ibẹ̀ á tún tutù, iṣẹ́ ìpẹtà á sì máa bá a lọ. Láyé àwọn baba wa, Ògún onírin ló ń jẹ ajá. Nínú ọgbà yìí, ajá ló ń jẹ irin.

Ohun tí oníṣòwò yóò kọ́kọ́ sọ ni pé Cedar Hill jìnnà sí òkun, pé ọ̀dà lásán ti tó. Òótọ́ ni pé ó jìnnà: láti ibẹ̀ dé etí òkun Gulf ju 350 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí òkun kò gbé dé ibẹ̀, ajá ń gbé e wá, ìdí òpó gan-an ló sì ń dà á sí. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọ̀dà. Ní pápákọ̀ òfuurufú Dallas-Fort Worth, ooru dé ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní oṣù Kẹfà ọdún 1980, òtútù sì lọ sí ìwọ̀n 19 nísàlẹ̀ òdo ní oṣù Kejì ọdún 2021. Ooru ń mú kí irin fẹ̀, òtútù ń mú kó súnkì; ọ̀dà tí kò bá lè bá a fẹ̀ kó sì bá a súnkì yóò sán. Yìnyín ìgbà ìrúwé tún ń bọ́ lu ohun gbogbo. Èékánná ajá sì wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọrùn ajá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko náà sì wà níbẹ̀, tó ń ta òkúta lu ìdí òpó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dà yóò ha, kò sí àní-àní. Ìbéèrè tó yẹ ká bi oníṣòwò ni pé: bí ọ̀dà bá ha, kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?

Bó bá jẹ́ irin lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìpẹtà yóò gba ojú ibi tó ha náà wọlé, yóò sì máa rìn lábẹ́ ọ̀dà níbi tí ojú kò tó, títí ọ̀dà yóò fi wú tí yóò sì máa ṣí. Bó bá jẹ́ síǹkì ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Síǹkì kì í ṣe ìbora nìkan. Òun ló ń kọ́kọ́ jẹ ìyà tó yẹ kó jẹ irin. Níbi tí wọ́n bá ti ha á dé irin, síǹkì tó wà létí ibẹ̀ ni yóò máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, irin yóò sì wà láìfarapa. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́: ọdún 1837 ni Stanislas Sorel gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní Faransé. Àwa náà kò ṣe àjèjì sí i, nítorí páànù orí ilé wa ni. Ẹni tó bá gun òkè Mápó ní Ìbàdàn, òrùlé páànù tó ti pọ́n ni yóò rí lọ ràì. Wọn kò wá sáyé ní pípọ́n. Wọ́n dán nígbà tí wọ́n kàn wọ́n, wọ́n sì gba òjò àti oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síǹkì tó wà lára wọn ló tín-ín-rín. Ìgbà tó tán ni irin abẹ́ rẹ̀ yọjú.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn tó ń rajà jẹ náà nìyí, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Irin tí wọ́n rì bọ inú síǹkì yíyọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti jó o pọ̀ tán, nínú agbada tó gbóná tó ìwọ̀n 450, síǹkì ara rẹ̀ máa ń nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 70 bí ara irin náà bá ju mìlímítà 3 lọ, tó sì máa ń tó 85 bó bá ju 6 lọ. (Máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló ń di mìlímítà kan.) Páìpù tí wọ́n ti fi síǹkì bò láti ilé iṣẹ́ kí wẹ́dà tó gé e, tó sì jó o pọ̀, tirẹ̀ sábà máa ń tó nǹkan bí 20 péré, iná wẹ́dà sì ti jó ìyẹn náà dànù lójú ibi tó jó. Bóòtù tí wọ́n fi iná mànàmáná kùn ní síǹkì kì í sábà ju 5 sí 12 lọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jà. Ní ìlú tí kò sí létí òkun bíi Cedar Hill, afẹ́fẹ́ lásán kì í sábà jẹ síǹkì ju máíkírọ́ọ̀nù 2 lọ lọ́dún. Ẹ fi 2 pín 70, ẹ tún fi pín 20, ẹ ó rí ìyàtọ̀ láàárín ọdún 35 àti ọdún 10, kí ajá tó tọ̀ sí i rárá. Nítorí náà, kí ìwé àdéhùn má kàn sọ pé wọ́n fi síǹkì bo irin. Kí ó sọ pé lẹ́yìn jíjó ni wọ́n rì í, ní ìlànà ASTM A123, kí ó sì dárúkọ bí síǹkì yóò ṣe nípọn tó. Kí wẹ́dà sì lu ihò sí páìpù kí ó tó gbé e lọ, nítorí páìpù tó dí lè bẹ́ nínú agbada. Ihò ìsàlẹ̀ ni omi yóò máa gbà jáde lọ́jọ́ iwájú.

Ẹnì kan lè bi wá pé, bí síǹkì bá lágbára tó báyìí, kí la tún ń fi ọ̀dà ṣe? Àwọ̀ eérú síǹkì kò wu gbogbo ojú, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ nìdí pàtàkì. Ìdí pàtàkì ni pé ọ̀dà kì í jẹ́ kí ìtọ̀ kan síǹkì, síǹkì sì ń gba irin là níbi tí ọ̀dà bá ti ha. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ síǹkì máa ń sọ pé ọjọ́ ayé méjèèjì pa pọ̀ máa ń tó ìlọ́po 1.5 sí 2.3 àròpọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ìbá dá lò. Ọlọ́jà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kí a má sì gbára lé e jù. Àròpọ̀ lásán náà ti tó mi. Ọ̀dà oníyẹ̀fun ni kí wọ́n lò, èyí tí wọ́n ń fọ́n sára irin tí wọ́n sì ń yan nínú ààrò, kí ó jẹ́ ti polyester, kí ó má jẹ́ ti epoxy, nítorí oòrùn Texas yóò sọ epoxy di ẹfun kí ọdún tó yípo púpọ̀. Ẹ béèrè ìlànà AAMA tí ọ̀dà náà tẹ̀ lé: 2603 ń béèrè ọdún kan nínú oòrùn gúúsù Florida, 2604 ń béèrè ọdún 5, 2605 ń béèrè ọdún 10. Lójú tèmi, 2604 ni ó kéré jù. Oníṣòwò yóò fẹ́ fi iye wákàtí tí ọ̀dà rẹ̀ lò nínú yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń fọ́n omi iyọ̀ sí i dẹ́rù bà yín. Yàrá náà kò ní oòrùn, kò sì ní ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èékánná ajá níbẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: bí wọn kò bá fọ ara síǹkì kí wọ́n sì ha á díẹ̀ kí wọ́n tó fọ́n ọ̀dà sí i, ọ̀dà tó dára jù lọ pàápàá yóò ṣí bí èèpo.

Ọ̀rọ̀ owó ni àtakò tó wúwo jù, ó sì tọ́ ká dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí owó orí àwọn aráàlú tàbí owó oṣooṣù àwọn onílé ni wọ́n ń ná. Iṣẹ́ méjì wọ́n ju ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Òpó tó bá jẹrà nídìí kì í ṣe ọ̀dà tuntun ló ń fẹ́: wọ́n ní láti ti ọgbà pa, kí wọ́n hú kọnkéré, kí wọ́n gbé òmíràn wá, kí wọ́n tún san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn mìíràn yóò ní kí á kúkú fi stainless, irin tí kì í tètè dógùn-ún, ṣe gbogbo rẹ̀. Ó dára níbi tó yẹ. Irú tí wọ́n ń pè ní 316 ní molybdenum nínú, ó sì ń fara da iyọ̀ ju irú tí wọ́n ń pè ní 304 lọ. Kí á fi ṣe abọ́ omi, bóòtù àti ìdè ilẹ̀kùn, kí á má fi owó ńlá ṣe gbogbo ọgbà. Alumíníọ́ọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin, ṣùgbọ́n iyọ̀ máa ń lu ihò sí i lára. Idẹ ni kí wọ́n yẹra fún jù nínú ìdè àti àgádágodo tó ń gba agbára. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà rí i pé ọta ìbọn onídẹ tí wọ́n kó sí ibùjẹ ẹṣin nígbà òjò máa ń sán fúnra rẹ̀. Ní 1921 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé amóníà láti ara ìtọ̀ ẹṣin ló fà á.

Ẹni tó fẹ́ràn ajá rẹ̀ yóò béèrè bóyá síǹkì kì í ṣe májèlé. Ìbéèrè gidi ni. Owó sẹ́ǹtì kan ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1982, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ síǹkì pátá, ajá tó bá sì gbé e mì lè ṣàìsàn tó lágbára, nítorí ásíìdì inú ikùn ń yọ́ síǹkì náà, ẹ̀jẹ̀ á sì máa bàjẹ́. Ṣùgbọ́n fífi ahọ́n lá òpó kì í ṣe gbígbé síǹkì mì, pàápàá nígbà tí ọ̀dà bá bò ó. Ewu tó wà ni bóòtù àti nọ́ọ̀tì kékeré tó bá tú bọ́ sínú koríko. Nítorí èyí náà ni mo ṣe ní stainless ni kí wọ́n jẹ́, kí ó sì jẹ́ irú tí ọwọ́ lásán kò lè tú.

Ó ku ilẹ̀. Amọ̀ dúdú tó pọ̀ ní agbègbè Dallas máa ń wú bí òjò bá rọ̀, ó sì máa ń lanu bí ọ̀dá bá dé, ó ń ti kọnkéré síwá sẹ́yìn. Bí orí kọnkéré bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí tó rì sísàlẹ̀ ilẹ̀, omi òjò àti ìtọ̀ yóò dúró yí òpó ká. Kí orí kọnkéré ga ju ilẹ̀ lọ díẹ̀, kí ó ṣe gẹ̀ẹ́rẹ́ sẹ́yìn òpó, kí òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, kí wọ́n sì tún fi ọ̀dà kun òpó kọjá ibi tó ti wọ kọnkéré. Ní ti àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ni kí wọ́n yàn fún ohun tí ajá ń tẹ̀, torí irin dúdú lábẹ́ oòrùn oṣù Kẹjọ lè jó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá.

Lẹ́yìn ìyẹn, àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kí ẹnì kan máa fi omi mímọ́ fọ ìdí òpó lọ́sẹ̀ méjì-méjì ní àkókò ọ̀dá, nígbà tí òjò kò ní bá wa fọ̀ ọ́. Kí ó máa bẹ̀rẹ̀ wo ìdí òpó ẹnu ilẹ̀kùn ní pàtàkì, torí ibẹ̀ ni ajá gbogbo ti ń kọ́kọ́ dúró. Ibi tó bá ti ha dé irin, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nù ún mọ́, kí ó fi ọ̀dà onísíǹkì dí i lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Kí owó agolo ọ̀dà náà àti orúkọ ẹni tí yóò lò ó wà nínú ìwé àdéhùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, lójú ìwé kan náà tí owó òpó wà.