ÌPALẸ̀MỌ́ FÚN ÀWỌN TÓ Ń LỌ GBÉ NÍ ÀJÀṢẸ́ LÁTI KỌ́ FARANSÉ

Àwọn kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá tí ẹ ń kọ́ èdè Faransé ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ kó tó lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dọ̀ ìdílé tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lálejò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pàápàá ní Kùtọnú àti ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Láyé àwọn ẹ̀gbọ́n wa, ọdún kan gbáko ni akẹ́kọ̀ọ́ Faransé máa ń lò ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tí agbára náírà wálẹ̀ tí ẹrù náà sì wúwo jù, wọ́n dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ọdún náà nílé. Nítorí náà, ẹni tó bá ráyè sọdá ẹnubodè lónìí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló sábà máa ń ní. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán. Bí ènìyàn bá fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wá ibi tí yóò ti ki iná bọ fóònù rẹ̀, kí ló kù? (Ihò róbótó méjì ni ojú iná tiwọn máa ń ní, kì í ṣe mẹ́ta onígun bíi tiwa. Ẹ ra ohun tí a fi ń so ó pọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.)

Ẹ jẹ́ ká tètè mú ọ̀rọ̀ ìwé kúrò lọ́nà. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà láìgba físà, kí a sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àìgba físà yàtọ̀ sí àìmú ìwé dání. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín, kí ẹ sì mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ènìyàn bá gba abẹ́rẹ́ náà ni káàdì rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò. Láti ọdún 2016 ni káàdì náà ti di èyí tó ń wúlò títí ẹ̀mí ènìyàn. Ẹ máa gbọ́ ìròyìn pẹ̀lú, nítorí ìjọba wa ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ṣèlérí ìwé ẹ̀rí ńlá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá fífọwọ́ sí dìgírì láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí oníròyìn kan fi hàn pé òun gba dìgírì láàárín ọ̀sẹ̀ 6 péré. Èdè àti ìwà ni ènìyàn ń lọ kọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá ní òun yóò fi dìgírì kún un, ẹ sá fún un. Ní ti owó, sẹ́fà ni wọ́n ń ná, 655.957 rẹ̀ ló sì ń jẹ́ yúrò kan láti ọdún 1999. Owó tiwọn dúró sójú kan sí yúrò, tiwa ló ń lọ sókè sódò, nítorí náà ní sẹ́fà ni kí ẹ ti ṣírò ohun tí ẹ máa ná.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ inú ilé, níbi tí iṣẹ́ gan-an wà.

Nígbà tí ẹ bá dé, omi ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé fún yín kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ gbà á, kódà bí òùngbẹ kò bá gbẹ yín, ẹ fi kan ẹnu. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá béèrè àlàáfíà ọ̀nà. Ẹ ó gbọ́ “bonne arrivée”. Ìwé tí a fi ń kọ́ Faransé níbí kò kọ́ wa ní èyí, “bienvenue” ni wọ́n kọ́ wa, ṣùgbọ́n “ẹ kú àbọ̀” gan-an ni àwọn ará ibẹ̀ gbé wọ Faransé. Bákan náà ni “bonne assise” jẹ́ “ẹ kú ìjókòó”. Ọmọ Yorùbá ló yẹ kó tètè mọ irú Faransé yìí, nítorí pé ìkíni wa ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan láràárọ̀, ẹ má kàn gba iwájú wọn kọjá lọ sílé ìwẹ̀. Kí ẹ sì tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémìjàn, ẹ kọ́kọ́ sọ “bonjour”.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ “tu” àti “vous”. Olùkọ́ máa ń sọ fún wa pé “tu” ni “o”, “vous” ni “ẹ”, ó sì parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀ rárá. Ọjọ́ orí ni Yorùbá ń wò jù lọ, ṣùgbọ́n Faransé tún ń wò ó bóyá a ti mọ ara wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù, tí a ó sọ fún nílé pé “mú un wá”, “vous” ló tọ́ sí i bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n rí. Ní ìdà kejì, ọmọ ilẹ̀ Faransé lè sọ “tu” fún ìyá rẹ̀ láìṣe àfojúdi. Ìyá onílé yín yóò máa fi “tu” bá yín sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò ní kí ẹ fi “tu” dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí màmá ti ń sọ “o” fún wa tí àwa sì ń sọ “ẹ” fún wọn. Ẹ dúró lórí “vous” títí wọn yóò fi sọ pé kí ẹ yí i padà. Ẹ má sì pe àgbà lórúkọ. “Maman”, “papa”, “tonton” àti “tata” ni wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ ilé tún ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní “fofo”, ẹ̀gbọ́n obìnrin ní “dada”, èdè Ègùn àti Fọ̀n ni èyí.

Ewu kan wà ní Àjàṣẹ́ tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni kìlọ̀ rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́: Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ jù. Ègùn ló ni ìlú, wọ́n ń pè é ní Hògbónù, ṣùgbọ́n ẹ lè lọ sọ́jà, ẹ lè ra ẹja, kí ẹ ná owó rẹ̀, kí ẹ sì ṣe àwàdà, láìsọ gbólóhùn Faransé kan. Àwa márùn-ún bá jọ lọ, a ó máa rìn pọ̀, a ó máa sọ Yorùbá pẹ̀lú onílé, Gẹ̀ẹ́sì láàárín ara wa, Haúsá nígbà tí a kò bá fẹ́ kí onílé gbọ́. Owó òbí ló ń bá a lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má fi ẹni méjì sínú ilé kan, kí ẹni kọ̀ọ̀kan sì sọ fún onílé rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní pé Faransé ni kí wọ́n máa bá òun sọ títí di alẹ́. Bí ó bá di lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ sọ Yorùbá tó bá wù yín.

Ẹ ó sì nílò Yorùbá náà, nítorí ìbéèrè kan ń bọ̀. Ará Kétu tàbí ará Sábẹ̀ẹ́ kan nínú ilé yóò béèrè pé, “Ọmọ ìlú wo ni ọ́?” Púpọ̀ nínú àwa tí a dàgbà sí Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Kánò ni yóò dáhùn pé Kàdúná. Wọn yóò ní ṣé Haúsá ni yín? Ẹ ó ní rárá, Yorùbá ni. Wọn yóò tún béèrè ìlú baba yín, agbo ilé, oríkì. Nígbà náà ni ojú ọ̀pọ̀ wa yóò máa wolẹ̀. Ètò yìí kì í ṣe ti gbígbà nìkan, onílé ń gba àlejò kí ó lè mọ̀ nípa ilé àlejò náà. Nítorí náà ẹ kọ lẹ́tà sí bàbá, tàbí kí ẹ pè wọ́n, kí ẹ béèrè orúkọ agbo ilé àti oríkì tó gùn tó ìlà mẹ́rin, kí ẹ kọ́ ọ sórí. Ẹ má sì fi Kàdúná pamọ́. Gbígbé tí a ti ń gbé láàárín èdè méjì àti ẹ̀sìn méjì láti kékeré, ìmúrasílẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ó ti rí.

Ẹ̀sìn ńkọ́? Oríṣiríṣi ló wà ní ìlú náà. Níbẹ̀ ni S. B. J. Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọdún 1947. Mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ kan sì wà tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé àwọn Àgùdà tó padà dé láti Bràsíì ló kọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí onílé yín bá ń jẹ́ da Silva tó sì ń kírun. Àwọn mìíràn ń bọ vodun. Ẹ má ya fọ́tò ojúbọ láìgba àyè, bí wọ́n bá sì ní Sàngbétò ń jáde lóru, ẹ wà nínú ilé. Egúngún pẹ̀lú wà, “revenants” ni wọ́n ń pè wọ́n ní Faransé.

Oúnjẹ kò ní dà yín láàmú. “Akassa” ni ẹ̀kọ, “wagashi” ni wàrà tí àwọn Fúlàní ń ṣe, “atassi” sì ni ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà tí gbogbo wa ń rà láràárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ẹ má sì ṣe jókòó sínú yàrá yín títí wọn yóò fi pè yín jẹun. Ẹ gbálẹ̀, ẹ fọ abọ́, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa dé. Bí ohunkóhun nínú ilé náà bá ń bà yín lẹ́rù, pàápàá ẹ̀yin obìnrin, ẹ sọ fún olórí ètò lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má ṣe máa fi ìtìjú gbà á mọ́ra.

Ní ti ẹ̀bùn, ẹ má fún onílé ní owó lọ́wọ́, olórí ètò ni ẹ san tiyín fún. Kílíṣí tí wọ́n dì dáadáa àti dàbínù láti ọ̀dọ̀ wa níbí dára ju ohunkóhun tí ẹ lè rà ní Èkó lọ, wọn kì í sì í bàjẹ́ lọ́nà.